Ẹni Karùn-ún ní La Verrandière

Èèyàn mẹ́rin ni Maryvonne Tessereau mú wọ ilé náà lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, ṣùgbọ́n ìbòbàtà èèyàn márùn-ún ló bá nínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ tán.

Ìbòbàtà yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ọ̀rá aláwọ̀ búlúù lásán ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fà bo bàtà àlejò nílé ìwòsàn. Pákó óákù ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé ńlá La Verrandière láti igba ọdún ó lé, ìyá tó ni ilé náà ò sì fẹ́ kí gìgísẹ̀ ẹnikẹ́ni ha á. Ìdí nìyẹn tí Maryvonne fi ń pín ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fún ọkọ àti ìyàwó tó ti Lille wá, ó fún ìyá ìyàwó, ó fún bírìkìlà tí wọ́n mú dání pé kó bá àwọn yẹ òrùlé wò. Ó parí. Òun alára, sílípáàsì tó máa ń gbé sínú báàgì ló wọ̀.

Nígbà tó fẹ́ kó wọn dànù ló ṣàkíyèsí. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ kó kà. Mẹ́wàá ló kà. Ó tún un kà. Méjì tó lé náà, ẹni tó wọ̀ wọ́n ti ká etí wọn sínú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà bọ́, bíi ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Wọ́n tutù rinrin. Ewéko wínníwínní tó máa ń léfòó lójú adágún lẹ̀ mọ́ abẹ́ wọn, wọ́n sì ń rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ òjò ò kán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Maryvonne kì í ṣe ojo obìnrin. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń bá wọn ta ilé ní agbègbè odò Creuse nílẹ̀ Faransé. Ó ti ta ilé tí àdán ti sọ di tiwọn, ó ti ta ilé tí àwọn ọmọ olóògbé ti ń fa ara wọn láṣọ ya nínú pálọ̀. Ó mọ̀ pé ilé tó bá ti dàgbà kì í dákẹ́: igi á ké, afẹ́fẹ́ á súfèé níbi ìyáná, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ìyá ìyàwó yẹn ló yọ́ lọ rìn létí omi, tó wá mú ọ̀rá tuntun. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí, ó fọwọ́. Òórùn ẹrẹ̀ náà ò kúrò ní ìka rẹ̀ títí tó fi jẹun alẹ́.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó yà sílé ìdáná lọ kí onílé. Màdáámù Hermance de Rochebrive ti pé ọdún mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún. Kò lọ́kọ rí, kò bímọ. Nínú ogójì yàrá ilé náà, méjì péré ló kù tó ń lò: ilé ìdáná àti yàrá kékeré kan tó so mọ́ ọn. Bí àlejò bá ti dé, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá wo ilé tó fojú kàn án rí.

"Mélòó ló wọlé?" ìyá náà bi í.

"Mẹ́rin, Màdáámù."

"Mélòó ló jáde?"

Maryvonne rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ṣé màá ki ọ̀kan mọ́lẹ̀ jẹ ni? Mẹ́rin náà ni."

"Ṣé o kà wọ́n?"

"Mo kà wọ́n."

Ìyá àgbà náà wo ojú rẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń wo aago tí kò dá a lójú. "Ó dáa," ó ní. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, àfi bí ẹni tí kò fẹ́ kí yàrá kejì gbọ́. "Bá mi tà á kí òtútù tó dé, ọmọ mi. Mi ò lè lo ọdún mìíràn níbí."

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn Maryvonne balẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń ta ilé, iye tí wọ́n fẹ́ san ló ń béèrè, kì í béèrè iye orí tó jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti ya fọ́tò ọgbà, ó wá Firmin Bouchaud lọ.

Firmin ni olùtọ́jú ọgbà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàbá rẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ náà kó tó kan òun. Létí adágún ló wà, ó ń gẹ igi ọgbà tí wọ́n tò lọ gbọọrọ bí ọmọ ogun. Adágún náà kì í ṣe ti Ọlọ́run. Àwọn babańlá ìdílé ló gbẹ́ ẹ ní igun mẹ́rin, tí wọ́n fi òkúta funfun yí etí rẹ̀ ká, kí ilé náà lè máa rí ojú ara rẹ̀ nínú omi.

"Ọmọ Tessereau," Firmin kí i, torí ó mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. "O tún ti dé. Ìwọ àti ilé yìí, ẹ̀yin lẹ máa fẹ́ra yín gbẹ̀yìn."

"Ẹ gbà mí o, Bàbá Firmin. Ọkọ tó ní fèrèsé ọgọ́ta, ta ló máa bá mi nù ún?"

"Ṣebí èmi náà ṣì lágbára," Firmin ní, ó sì fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Maryvonne jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. "Ṣé ọmọdé kankan máa ń wá síbí? Bóyá ọmọ-ọmọ yín?"

Àlùmọ́gàjí ńlá ọwọ́ Firmin yanu sílẹ̀, kò pa dé mọ́.

"Ta ló rí ọmọdé?"

"Ẹnikẹ́ni ò rí i. Mo kàn ń béèrè ni."

Bàbá náà wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé ilé ìdáná, ó wá sún mọ́ ọn. "Ìbejì ni wọ́n bí nílé yìí. Hermance ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, Philippine tẹ̀ lé e. Ojú kan, ohùn kan. Bàbá mi ní ìyá wọn nìkan ló lè dá wọn mọ̀. Lọ́dún tí wọ́n pé mẹ́sàn-án, Philippine bọ́ sínú omi tí o ń wò yìí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè. Bàbá mi ló gbé e jáde. Sàréè rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí Màdáámù wa ń ní kí wọ́n ṣe Máàsì fún lọ́dọọdún."

"Ó mà ṣe o."

"Máàsì méjìdínlọ́gọ́rin! Tí wọ́n bá ṣe ìdajì ẹ̀ fún èmi Firmin, mo ti di ẹni mímọ́." Àwàdà náà ò dé ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ nǹkan kan fún mi kó tó lọ. Ó ní bí àlùfáà bá ti dárúkọ Philippine pé kó sùn re, Màdáámù máa ń gbọ̀n rìrì lórí ìjókòó. Ó ní kì í ṣe bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní bí ẹni tí wọ́n pè ni."

Ó padà sídìí igi rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, tọkọtaya kan ti Bẹ́ljíọ̀mù wá. Joris Wauters, oníṣègùn eyín ní Ghent, àti Liesbeth ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Noor, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá Joris ni wọ́n fi í sí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ilé náà láti ẹnu géètì. Joris ń kan ògiri bí ẹni ń wo eyín aláìsàn, Liesbeth ń fọwọ́ pa irin àtẹ̀gùn bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára.

Ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọ̀rá ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà ni Liesbeth kọjú sí Maryvonne.

"Ọmọ yín yẹn mà wà jẹ́jẹ́ o. Ó di ọwọ́ mi mú láti òkè àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá súwẹ́tà fún un, ọwọ́ rẹ̀ tutù jù."

"Ọmọ wo?" Maryvonne béèrè.

"Ọmọ wo?" Joris náà béèrè. "Àwa mẹ́ta la gòkè, Liesbeth."

Liesbeth rẹ́rìn-ín, ó wá dá ẹ̀rín náà dúró lágbedeméjì. Ó yí ọwọ́ òsì rẹ̀ padà, ó ń wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti hunjọ, ó funfun, bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọṣọ látàárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà bó ṣe wà. Ọkọ rẹ̀ ní bóyá irin àtẹ̀gùn ló tutù tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ní bóyá ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wọ nǹkan, ó lè gba àlàyé èyíkéyìí gbọ́.

Wọn ò tíì dé ojú títì ńlá tí wọ́n fi tẹ Maryvonne láago. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ilé náà. Wọ́n ní Noor máa fẹ́ràn adágún yẹn gan-an.

Maryvonne ṣì wà ní gbọ̀ngàn ilé. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù tún ń bà á, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó gbójú sókè, ó kígbe pe onílé kó lè fún un níròyìn ayọ̀.

"Màdáámù Hermance! Màdáámù Hermance o!"

"Èmi rèé o!"

Ohùn ọmọdé ni. Láti àjà kejì ló ti wá, ó mọ́ gaara, ó kún fún ìdùnnú bíi ti ọmọ tó ti ń retí kí wọ́n pe òun wá jẹun. Ẹsẹ̀ kékeré sáré lórí pákó lókè, pà-pà-pà, títí dé orí àtẹ̀gùn. Ó dúró níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Maryvonne yíjú padà láti sá. Ìyá àgbà náà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná mú, ẹnu rẹ̀ pa dé gbọn-in.

"Má pe orúkọ yẹn mọ́," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń sáré wá, tó ń bá mi lórí ìjókòó rẹ̀. Òun ni Hermance."

Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti sọ ìyókù. Ìyá náà gbé omi kọfí kaná, kò rántí bù ú. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú fún ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ti dán bí òkúta odò.

"À ń ju búrẹ́dì fún ẹja. Ó tẹ̀ síwájú jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ẹnikẹ́ni ò tì í. Mo na ọwọ́, ríbọ́ọ̀nù irun rẹ̀ ni mo rí mú, ó tú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá Firmin gbé e jáde, ìyá wa ń sáré bọ̀ láti ilé. Kò béèrè pé èwo nínú wa ni. Ohun tó ń sọ bó ṣe ń sáré ni pé, 'Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ Hermance. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ Hermance.' Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni. Mo ní, 'Màmá, èmi ni Hermance.'"

Maryvonne nawọ́ pa iná abẹ́ omi kọfí náà.

"Ó gbá mi mọ́ra bí kò ṣe gbá mi mọ́ra rí. Ọjọ́ kẹta, ó ń ya irun mi, ó dé ibi àmì kan tó wà lẹ́yìn etí mi níbí, èyí tí Hermance ò ní. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé ó máa lù mí pa. Ó wá ń bá irun lọ. Títí tó fi kú, Hermance ló ń pè mí." Ó nu ojú. "Orúkọ mi ni wọ́n kọ sórí sàréè. Èmi tí mò ń jẹun ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Òun, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún un rí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ta ilé?"

Ìyá náà wolẹ̀. "Mo rò pé bí èrò bá pọ̀, ó lè rí ẹni tó wù ú, kó tẹ̀ lé e lọ. Tàbí kó dúró ti àwọn tó bá rà á, kó fi mí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí o kà wọ́n."

"Ẹ fẹ́ gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ!" Maryvonne dìde. Ìbínú jẹ́ kó gbàgbé ọjọ́ orí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Àwọn wọ̀nyí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ nílé, ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ ń ka orí bí adìyẹ!"

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. O ò mọ bí ó ṣe rẹ̀ mí tó."

Maryvonne rìn lọ sí fèrèsé, ó rìn padà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ọmọ, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ náà ló kù sí i lọ́wọ́. "Ohun tí a bá mú lọ́wọ́ ẹni, dídá a padà ló ń parí ẹjọ́," ó ní. "Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ẹ lọ síbi omi, ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé òun ló ni ín. Bóyá ó máa lè sùn."

"Tí mo bá dá a padà, kí ni èmi á máa jẹ́?"

"Orúkọ yín. Philippine."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ. "Ìyẹn wà lábẹ́ òkúta." Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ Oṣù Kẹsàn-án ṣì ń mú nígbà tí wọ́n dé etí adágún. Firmin ti lọ sílé. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ilé náà dojú dé sínú omi pẹ̀lú gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ìyá náà fi apá kọ́ apá Maryvonne. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù.

"Hermance," ó pè. Kò pariwo. "Hermance, orúkọ rẹ nìyí. Mo ti lò ó pẹ́. Mo dá a padà fún ẹ. Máa bọ̀ wá gbà á. Dárí jì mí."

Kò sí ohùn tó dáhùn. Láàárín adágún, omi fà sínú díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rì níbẹ̀, òbìrí kan ṣí, ó ń gbòòrò jẹ́jẹ́ títí tó fi kan òkúta etí omi. Gbogbo fèrèsé inú omi wó. Maryvonne mọ̀ ọ́n lára pé apá tí òun dì mú fúyẹ́, ó fúyẹ́ gan-an fún ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó tún wúwo. Àmọ́ kò wúwo bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀. Ìyá náà ti ń nàgà lórí ìka ẹsẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ rí ohun tó wà lórí tábìlì.

Ọ̀pá ìtilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú ojú, ó ń wo iṣan wọn, ó ń wo àbàwọ́n ọjọ́ ogbó ara wọn, ẹnu rẹ̀ sì ń yí sí ẹkún.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó dáhùn láti orí àtẹ̀gùn. "Àǹtí, kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

Maryvonne bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀pá náà.

"Philippine dà? Ó nawọ́ sí mi báyìí-báyìí. Àǹtí, Philippine dà?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Orúkọ nìkan kọ́ ni ọmọ náà gbà; ó gba gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ó gba ẹ̀mí, ó gba ara, ó gba ìwọ̀nba ọdún tó kù. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti dìde fún un. Maryvonne ya ẹnu láti pe Philippine. Ọmọ inú ara àgbà yẹn ti di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara kan ló wà. Bí ọ̀kan bá jáde, ọ̀kan á wọlé. Maryvonne pa ẹnu dé.

Dókítà ní àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ni, ó máa ń ṣubú lu èèyàn lójijì nígbà mìíràn. Ilé ẹjọ́ yan alágbàtọ́ fún un, alágbàtọ́ parí títa ilé fún àwọn Wauters nígbà ìrúwé, wọ́n sì gbé ìyá náà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìlú. Bí èèyàn bá wò ó, gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀ ló wá di òótọ́: Philippine kú sínú omi, Hermance wà láàyè. Maryvonne ò sọ nǹkan kan fún Liesbeth. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ léraléra, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí kò dáni lójú.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń lọ wò ó. Níbẹ̀rẹ̀, ẹkún lójoojúmọ́ ni, wọ́n ní láti fi aṣọ bo dígí inú yàrá rẹ̀. Ó ń béèrè ìyá rẹ̀, Maryvonne ń purọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ń ya ẹṣin. Ó fẹ́ rí òkun, Maryvonne sì ṣèlérí fún un pé àwọn máa jọ lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà róbótó-róbótó ńlá sórí ohun gbogbo, Hermance, Hermance, Hermance, àwọn nọ́ọ̀sì sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Nígbà mìíràn tí Maryvonne bá ń lọ, á sá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, á ní, "Àǹtí Maryvonne, ẹ má pẹ́ o." Maryvonne, tí kò gbọ́ kí ọmọ kankan pe òun bẹ́ẹ̀ rí, á jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè wakọ̀.

Oṣù Kẹfà ni Liesbeth pè é, lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Ẹ má bínú, Màdáámù Maryvonne, ìbéèrè kékeré ni. Ṣé ìyá àgbà kan wà ládùúgbò yìí tí orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́? Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń dúró létí adágún wa. Aṣọ rẹ̀ máa ń tutù. Kò yájú o, ó ń kí èèyàn dáadáa. Mo ní, 'Màmá, kí lorúkọ yín?' Ó ní òun ti dá èyí tí òun ń jẹ́ padà fún ẹni tó ni ín, wọn ò sì tíì pe òun ní òmíràn."

Maryvonne jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn.

"Ó ṣe mí láàánú," Liesbeth ń bá a lọ. "Noor ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù. Ọmọ yìí pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ó ní tí kò bá lórúkọ, òun á yá a ní tòun. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni àwọn jọ fi àdéhùn sí."

"Níbo ni Noor wà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Kí ló dé?"

Orúkọ kan ṣoṣo ló lè dá ìyá àgbà yẹn padà sínú ara rẹ̀, Maryvonne sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí ó rí kò ju lẹ́tà róbótó-róbótó yẹn, àti ọwọ́ tó ní àbàwọ́n ọjọ́ ogbó tó ń ya ẹṣin. Ọmọ méjì ni. Ó lè gba ọ̀kan là. Ẹni tó bá sọ pé òun ò rò ó wò nígbà yẹn, irọ́ ló pa. Maryvonne rò ó wò, ó gbọ́ èémí Liesbeth lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù kó tó lè la ẹnu.

"Philippine lorúkọ rẹ̀!" ó kígbe. "Ẹ sáré! Ẹ pè é ní Philippine kí ọmọ yẹn tó sọ̀rọ̀! Ẹ máa pè é bí ẹ ṣe ń sáré lọ!"

Fóònù já lulẹ̀ lọ́wọ́ Liesbeth. Maryvonne gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbọ́ ohùn Liesbeth tó ń jìnnà lọ: "Philippine! Philippine!" Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹkún ọmọ, ẹkún ìbínú ọmọ tó yè, àti ìyá kan tó ń bá a wí, tó ń fẹnu kò ó lẹ́nu nígbà kan náà.

Maryvonne ò dúró gbọ́ tán. Ó wakọ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú, kò rántí ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Yàrá náà dákẹ́. Pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi tú káàkiri ilẹ̀. Ìyá àgbà náà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ká ọwọ́ lérí itan. Ó ti ṣí aṣọ kúrò lójú dígí. Ó gbójú sókè, ojú náà kì í ṣe ti ọmọdé mọ́.

"Ẹ̀yin ni?" Maryvonne béèrè. "Màdáámù... Philippine?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wọ aṣọ tí kò wọ̀ rí láyé rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi."

Maryvonne jókòó. Kò lè bi í ní ohun tó fẹ́ bi í. Ìyá náà wo pẹ́ńsù ilẹ̀ pẹ́, ó wá dá a lóhùn láìjẹ́ pé ó béèrè.

"Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń sunkún." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú pẹ́ńsù kan. "Ó ní kí n rán ẹ létí pé o ti ṣèlérí fún òun, pé ẹ ó jọ lọ wo òkun lọ́jọ́ Àìkú."